Ilé Orin Tí Ó Kó Kiri Kí Ó Tó Ní Ilé: Ìtàn Afrika Shrine

  Nínú ìwé ìròyìn yìí a máa ń ka ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti ìṣílé àti ti òkú àgbà tí a sin. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a fi ojú ewé díẹ̀ sọ ìtàn ilé orin kan ní Èkó, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ìlú òyìnbó, tí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn yọjú sí rárá ní ayé ọjọ́un. Ilé náà ni Afrika Shrine, èyíinì ni Ojúbọ Áfíríkà, tí Fela Aníkúlápó-Kuti dá sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ni ó kan ará Jos nínú ọ̀rọ̀ Fela?" Ó kàn wá púpọ̀. Àwa tí àwọn bàbá wa wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí òkè Plateau, tí a ń ṣòwò, tí a ń bímọ, tí a sì ń tọ́ wọn ní ìlú tí kì í ṣe ìlú bàbá wa, a mọ ohun tí à ń pè ní ayálégbé. Ilé orin tí à ń wí yìí gbé nínú ilé onílé fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kó láti àdúgbò kan sí òmíràn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ibì kan, ilẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ibòmíràn. Síbẹ̀ kò parẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kí ó parẹ́ ni a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé yẹ̀ wò.

ỌMỌ OLÙKỌ́ TÍ Ó YAN ORIN

Abẹ́òkúta ni a bí Fela sí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ọdún 1938. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School. Òun náà sì ni ààrẹ kìíní ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀, Funmilayo, ni ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí, tí wọ́n pagbo yí àfin ká títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi gbé adé sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ obìnrin yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún kàn án níwájú.

Ní ọdún 1958 àwọn ẹbí rán Fela lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n rò pé iṣẹ́ dókítà ni yóò kọ́ bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olikoye àti àbúrò rẹ̀ Beko ti di dókítà. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ orin, Trinity College of Music, ni ó wọ̀. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1963, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó sì ń fi ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ tí a ń pè ní Koola Lobitos ṣeré ní alẹ́.

Orin háíláìfù ni Èkó ń jó nígbà náà. Bobby Benson ní ilé ijó tirẹ̀, Caban Bamboo, ní òpópó Ìkòròdú. Victor Ọláìyá, tí Fela ti bá kọrin rí kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, náà di onílé ìtura: Stadium Hotel ní Surulere ni tirẹ̀. Àwọn àgbà olórin wọ̀nyí mọ ohun kan: olórin tí kò bá ní ilé tirẹ̀, onílé ni yóò sọ ìgbà tí orin yóò parí. Fela kò tí ì ní ilé ní tirẹ̀.

Ní ọdún 1969 ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n lò níbẹ̀, ojú sì pọ́n wọn nítorí owó. Ní Los Angeles ni ó ti bá obìnrin aláwọ̀ dúdú kan pàdé, Sandra Smith, ẹni tí ó fún un ní ìwé ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X kà. Fela tí ó lọ kọ́ ni ó mọ orin ìfẹ́ àti orin fàájì. Fela tí ó padà dé ní ọdún 1970 fẹ́ fi orin bá ìjọba sọ̀rọ̀.

LÁTI YÁBÀÁ DÉ MUSHIN

Ibi tí ó kọ́kọ́ pa àgọ́ sí ni Kakadu Club ní Yábàá, tí ó sọ lórúkọ ní Afro-Spot. Lẹ́yìn èyí ó kó lọ sí ilé ijó kan ní Surulere, ibẹ̀ ni orúkọ náà, Afrika Shrine, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nígbà tí ó ṣe, ó kó wá sí àgbàlá Empire Hotel ní Idi-Oro, ní Mushin, tí kò jìnnà rárá sí ilé tí ó ń gbé ní nọ́ńbà 14, Agege Motor Road. Ní gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹlòmíràn ni ó ni ilé. Fela mú olórin wá, ó mú èrò wá, ó mú orúkọ wá. Onílé ni ó ni ògiri.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ẹ fi ojú inú wo gbọ̀ngàn tí òrùlé kò bò tán, tí àga rẹ̀ kò ju ti ilé ọtí lásán lọ. Ní apá kan ni pẹpẹ wà, pẹ̀lú àwòrán Kwame Nkrumah ti Gánà àti ti àwọn akọni aláwọ̀ dúdú mìíràn. Bí ìyá Fela ti kú, àwòrán tirẹ̀ náà wọ ibẹ̀. Àwọn onífèrè tò lọ́wọ́ kan, àwọn onígìtá lọ́wọ́ kejì, àwọn obìnrin elégbè àti oníjó sì wà níwájú. Tony Allen ni ó jókòó sídìí ìlù, ẹni tí ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Eré kì í bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí di ọ̀gànjọ́, ó sì lè di àfẹ̀mọ́júmọ́ kí ó tó parí. Orin kan ṣoṣo lè gba ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tán. Ìlù á kọ́kọ́ máa lọ, gìtá á bá a, fèrè á wọlé, kí Fela tó la ẹnu rárá.

Láàárín orin àti orin ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ń bú ìjọba, ó ń fi àwọn ọlọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń dá àwọn èrò lóhùn bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ lù ú. Yabis ni wọ́n ń pe èyí, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sì di alẹ́ yabis. Èdè pijín ni ó fi ń kọrin, kì í ṣe Yorùbá nìkan, kí Háúsá, Ìgbò, Ẹdó àti ará Gánà lè gbọ́ ọ pọ̀. Àwa tí a ń gbé Jos, níbi tí èèyàn lè gbọ́ èdè márùn-ún kí ó tó dé ẹnu ọjà, a mọ iye tí irú èdè àjọsọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, Fela ń san owó fún àyè nínú ìwé ìròyìn láti kọ èrò ọkàn rẹ̀, kí ẹni tí kò lè dé Mushin kà á.

Òkìkí kàn. Ní ọdún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, wá sí Èkó láti ṣe àwo orin kan tí à ń pè ní Band on the Run. Ó lọ sí Shrine. Ó sọ lẹ́yìn náà pé omijé bọ́ lójú òun nígbà tí òun gbọ́ bí wọ́n ti ń lù. Fela ní tirẹ̀ fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà gbé, àfi ìgbà tí òyìnbó náà jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí ó ti gbà sílẹ̀ ni ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Hugh Masekela, onífèrè ará Gúúsù Áfíríkà, wá bá Fela, tí Fela sì mú un mọ àwọn olórin Hedzoleh ti Gánà.

IRÚ RẸ̀ NÍ ÌLÚ ÒYÌNBÓ

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú òyìnbó bẹ̀rẹ̀ orin kan tí à ń pè ní punk. Àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ kò sí fún, tí orin àwọn gbajúmọ̀ ti sú, ni wọ́n dá a sílẹ̀: orin kúkúrú, ariwo líle, ọ̀rọ̀ ṣàkàṣàkà sí ìjọba. Ní New York, Hilly Kristal ṣí ilé ijó kan tí à ń pè ní CBGB ní oṣù kejìlá ọdún 1973, ní àdúgbò Bowery tí àwọn aláìnílé ń sùn sí. Ibẹ̀ ni Ramones, Blondie, Patti Smith àti Talking Heads ti di èèyàn ńlá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Roxy ṣí ní Covent Garden ní oṣù kejìlá ọdún 1976. Kò pé ọdún méjì tí ó fi kógbá sílé.

Orin wọn kò jọ ti Fela. Ohun tí Fela fi ààbọ̀ wákàtí sọ, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé wọn jọ ara wọn: gbọ̀ngàn kékeré tí àwọn ọlọ́lá kò kà sí, tí ọ̀dọ́ ti ń sọ ohun tí rédíò ìjọba kò jẹ́ sọ. Omi wọn sì pàdé lẹ́yìn ọ̀la, nítorí Talking Heads, àwọn ọmọ CBGB, gbọ́ àwo orin Fela kan, Afrodisiac, ìlù rẹ̀ sì wọ inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1980, Remain in Light.

Wọ́n tún jọ ara wọn ní ohun kan tí ó kan àwa. CBGB gbajúmọ̀ ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Aáwọ̀ owó ilé bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti onílé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ọdún 2006. Olùtajà aṣọ ni ó gba ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òkìkí kì í san owó ilé.

ỌJỌ́ TÍ INÁ JÓ

Fela sọ ilé rẹ̀ tí ó wà ní Agege Motor Road lórúkọ ní Kalakuta Republic. Inú àtìmọ́lé ọlọ́pàá ni ó ti rí orúkọ náà ní ọdún 1974. Yàrá tí wọ́n tì í mọ́ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn àwọn ọlọ́pàá ya bo ilé náà, wọ́n lù ú bí ẹni máa pa á. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó fi ọ̀rọ̀ náà kọrin. Ó tún pa orúkọ Ransome tì, ó mú Aníkúlápó, ẹni tí ó ní ikú nínú àpò. Ní ọdún 1976 ó ṣe Zombie, ó fi àwọn ṣọ́jà wé òkú tí ń rìn, tí kì í ronú àyàfi bí ọ̀gá bá pàṣẹ. Àwọn ọmọdé ń fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́ sí ṣọ́jà lójú pópó.

Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní dé ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ìjọba ológun ṣe àjọ̀dún FESTAC ní Èkó, gbogbo àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé sì wá. Fela ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ètò náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn àlejò bá ti jó tán lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọkọ̀ lọ sí Mushin ní alẹ́. Ohun tí Fela ń sọ fún wọn níbẹ̀ kò dùn mọ́ ìjọba.

Ọjọ́ kẹfà tí àjọ̀dún parí, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà láti bárékè Abalti tí ó wà nítòsí yí Kalakuta ká. Wọ́n wọlé, wọ́n lu èèyàn, wọ́n ṣe àwọn obìnrin níṣekúṣe, wọ́n sì dáná sun ilé. Ilé ìwòsàn Beko tí ó ń tọ́jú àwọn aláìní jóná. Ohun èlò orin jóná, fíìmù tí wọ́n ń ṣe nípa ìgbésí ayé Fela bá a lọ. Ìyá rẹ̀, Funmilayo, obìnrin tí ó mú ọba kúrò lórí ìtẹ́, tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 76, ni wọ́n jù láti ojú fèrèsé. Kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, ọdún 1978. Shrine tí ó wà ní Empire Hotel náà sì di títì pa.

Ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Agwu Anya ṣe olórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ni ó dáná sun ilé. Fela fi gbólóhùn yẹn ṣe àwo orin ní ọdún 1979. Nígbà tí ìjọba ológun ń palẹ̀ mọ́ ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, kí wọ́n tó gbé àkóso fún alágbádá, ó gbé pósí lọ sí Dodan Barracks ní ìrántí ìyá rẹ̀.

Wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ó di ọdún 1985 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Àwọn adájọ́ wí pé ní ọdún 1977, òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́dọ̀ òyìnbó ṣì wà, èyí tí ó sọ pé ọba kì í ṣẹ̀. Nítorí náà a kò lè mú ìjọba san ohun tí ìránṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Òfin ọdún 1979 ti mú ààbò yẹn kúrò, ṣùgbọ́n kò lè padà sẹ́yìn gba ẹni tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí. Adájọ́ Kayode Eso tí ó wà lára wọn fi ìbànújẹ́ rẹ̀ hàn lórí ibi tí òfin gbé wọn dé. Bí ìdílé Kuti ṣe pàdánù ẹjọ́ nìyẹn.

ÌKẸJÀ, ẸWỌ̀N, ÀTI ÌDÁGBÉRE

Fún ìgbà díẹ̀ ilé orin náà kò ní ilé. Tony Allen kúrò nínú ẹgbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1979, àwọn mìíràn sì kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Fela kó lọ sí Ìkẹjà, ó tún Shrine gbé kalẹ̀ ní Pepple Street. Ẹni tí ó bá ti lọ sí Computer Village láti ra fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ti rìn kọjá ní àdúgbò náà. Ó tún ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ó pè é ní Egypt 80, eré sì bẹ̀rẹ̀ padà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, bí ó ti fẹ́ wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n mú un lórí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Wọ́n gbé e kiri ẹ̀wọ̀n, títí dé Maiduguri ní òkè Ọya. Oṣù kẹrin ọdún 1986 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Femi, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ni ó dúró níwájú ẹgbẹ́. Kò dúró dìgbà tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń ṣáájú.

A kò ní parọ́ fún ẹ̀yin òbí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà ní Shrine ni a fẹ́ kí ọmọ wa kọ́. Igbó mímu pọ̀ níbẹ̀, gbangba sì ni Fela ti ń mu ún. Ní ọdún 1978 ó gbé obìnrin 27 níyàwó ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn ohun tí ó sì sọ nípa obìnrin nínú orin rẹ̀ mìíràn kò yẹ ọmọ Funmilayo. Àwọn ọmọbìnrin kan sá kúrò nílé bàbá wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn òbí kan sì sunkún nítorí ìyẹn. Ẹni tí ó bá fi ìtàn yìí pamọ́ fún ọmọ, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ fún un lọ́nà tí kò tọ́.

Fela kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, ọdún 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, ni ó jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ni ó fa ikú rẹ̀. Ní àkókò tí ìdílé púpọ̀ ń fi orúkọ àrùn náà pamọ́, ọ̀rọ̀ yẹn la ojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ ní Tafawa Balewa Square, ogunlọ́gọ̀ èrò sì tẹ̀ lé e lọ sí Ìkẹjà. Àgbàlá ilé rẹ̀ ní Gbemisola Street ni wọ́n sin ín sí. Ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 2012.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí Shrine wà ní Pepple Street kì í ṣe ti Fela. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí ilẹ̀ náà fi padà sọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ohun tí ṣọ́jà kò lè fi iná parí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀ láìsí ariwo.

ILÉ TÍ ÀWỌN ỌMỌ KỌ́

Yeni, àkọ́bí Fela, dá Felabration sílẹ̀ ní ọdún 1998, ọdún kan lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan tí a ń ṣe ìrántí rẹ̀ nígbà ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú oṣù kẹwàá. Òun àti Femi sì fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ kọ́ ilé tuntun ní Agídíngbi, ní Ìkẹjà. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, wọ́n sì pè é ní New Afrika Shrine. Seun, àbúrò wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun ni ó sì gba ipò olórí nínú Egypt 80. Made, ọmọ Femi, ti di olórin ní tirẹ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ jọ ṣe àwo orin Legacy+ ní ọdún 2021.

Ní oṣù keje ọdún 2018, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, wá sí New Afrika Shrine, ó sì sọ pé òun ti wá ibẹ̀ rí ní ọdún 2002 nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ wo bí ayé ti ń yí. Ibi tí ìjọba ń kó ọlọ́pàá lọ ni olórí orílẹ̀-èdè wá jókòó sí gẹ́gẹ́ bí àlejò.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ NÍ ALI KAZAURE

Jos mọ iná. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àti ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2008, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí, ẹ̀mí púpọ̀ lọ, ilé àti ìsọ̀ jóná láti ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀yà. Nínú irú iná bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òrùlé nìkan ni ó ń lọ. Ìwé ilẹ̀ ń lọ, ìwé ẹ̀rí ọmọ ń lọ, àwòrán ìgbéyàwó ìyá àgbà ń lọ. Ìdílé lè rà páànù mìíràn, kò lè ra àwòrán yẹn.

Nígbà tí Kalakuta jóná, fíìmù tí ó wà nínú ilé kan ṣoṣo bá iná lọ. Ṣùgbọ́n Zombie kò jóná, nítorí ó ti wà nínú ilé àwọn èèyàn ní Èkó, ní Kano, ní Accra, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, iná kan kò lè jó o tán. Nítorí náà a ń rọ gbogbo ìdílé pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé àti àwòrán pàtàkì, kí ọ̀kan wà ní Jos, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ẹbí ní ilé, ìbáà ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ ìbáà ṣe ibòmíràn, kí ọmọ tí ó wà ní òkèèrè náà sì ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ pẹ̀lú kò yẹ kí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì akọ̀wé kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ilé onílé kì í ṣe ẹni ẹ̀gàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ilé onílé ni, kí àdéhùn wà lórí ìwé, kí ìwé ẹ̀rí owó sì wà. Ẹni tí ó bá sì ti ra ilẹ̀, kí ó sọ fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ibi tí ìwé rẹ̀ wà nígbà tí ẹnu ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí bàbá bá di ìwé ilẹ̀ mọ́ra títí ó fi sùn, ọmọ ni yóò máa ti ilé ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Èyí tí ó kù ni ti àwọn ọmọ. Femi mọ iṣẹ́ nítorí pé wọ́n jẹ́ kí ó dúró níwájú nígbà tí bàbá kò sí nílé. Nínú ẹgbẹ́ wa, ta ni ọ̀dọ́ tí a jẹ́ kí ó kọ ìwé ìpàdé? Ta ni a jẹ́ kí ó tọ́jú owó ìnáwó, kí ó sì wá jíhìn? Bí àgbà bá ń ṣe gbogbo rẹ̀ tán, tí ọmọ kàn ń gbé àga kiri, ọjọ́ tí àgbà bá lọ ni ẹgbẹ́ yóò kógbá sílé bí ilé ijó Lọ́ńdọ̀nù yẹn.

Bàbá Fela kọ́ ọmọ ní ìwé, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìgboyà. Ilé orin tí ọmọ wọn dá sílẹ̀ gbé ilé onílé títí ó fi kú. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n kọ́ ilé fún un. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ tiwa nísinsin yìí. Ẹni tí ó bá ní àwòrán tàbí ìwé àtijọ́ nípa bí ìdílé rẹ̀ ṣe dé Jos, kí ó mú un wá sí ìpàdé kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì gba èyí tí ó mú wá padà lọ sílé. A ó máa tẹ díẹ̀díẹ̀ nínú wọn jáde ní ojú ewé yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn àwọn ọmọ tuntun.